Ẹ̀yin Ọmọ Tó Ń Gé Páìlì Kúrú

Ẹ̀yin ọmọ mi tó ń kọ́lé ní Èkó,

Láti ìgbà tí mo ti gbọ́ ohun tí ọ̀kan nínú yín ṣe lọ́nà Ajah ni oorun ti dá lójú mi. Ẹnjiníà kọ ibi tí páìlì, òpó tí wọ́n ń gbá wọlẹ̀ tàbí tí wọ́n ń gbẹ́ ihò da kọnkéré sí láti gbé ilé ró, yóò dé sínú ìwé fún un. Kò gbẹ́ ẹ ju ìdajì lọ, ó kó owó irin àti sìmẹ́ǹtì tó kù sápò. Wọn ò tíì kan òrùlé, ilé ti fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, òun náà ti na pápá bora. Mo mọ̀ ọ́n. Ọmọ tó já fáfá ni, ìyẹn ló dùn mí jù.

Páìlì tí kò dé ibi tí ilẹ̀ ti lè gbé ilé, kí ló wá ṣe nílẹ̀?

Àwọn ará Amsterdam ayé àtijọ́ ò ní ẹ́ńjìnnì kankan. Ní 1648, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ gbọ̀ngàn ìlú wọn lórí ẹrẹ̀, igi 13,659 ni wọ́n gbá wọlẹ̀. Ní ìlú náà, àwọn ọkùnrin a jọ fa okùn, wọ́n a gbé òòlù ràbàtà sókè, wọ́n a jù ú lu orí igi, pẹ̀lú orin lẹ́nu, títí igi yóò fi kan yanrìn tó le, bíi mítà 12 nísàlẹ̀. Ilé náà ṣì dúró, òun ni wọ́n ń pè ní ààfin ọba lónìí. Omi tó bo igi ni kò jẹ́ kó jẹrà, torí afẹ́fẹ́ ò ráyè débẹ̀.

Nígbà tí mo ṣe lébírà ní Apapa, fọ́mánì wa máa ń fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sára páìlì. Èéfín dísù á bo ojú wa, òun á tẹjú mọ́ ìlà yẹn, á máa ka iye ìgbà tí òòlù lù ú kí ìlà kan tó wọlẹ̀. Bí páìlì bá ṣì ń wọlẹ̀ wẹ́rẹ́, kò sẹ́ni tó máa jẹun. A máa ń bínú sí i nígbà yẹn.

Ìwọ tó sá lọ, bí o bá ń ka èyí, pe ẹnjiníà. Sọ ibi tí páìlì kọ̀ọ̀kan dé fún un kí ẹnikẹ́ni tó kó wọ ilé yẹn.

Ẹ má sọ fún mi pé onílé ò lówó! Ẹni tí kò lówó páìlì, kí ó kọ́ bọ́ńgálò. Ẹ wo Millennium Tower ní San Francisco, ilé alájà 58 tí wọ́n ṣí ní 2009. Inú yanrìn ni páìlì rẹ̀ dúró sí, kò dé àpáta. Ilé rì ju 40 sẹ̀ǹtímítà lọ, ó sì fì. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá rì páìlì 18 mìíràn dé orí àpáta, ó ju mítà 70 lọ sísàlẹ̀. Owó tí wọ́n ná sórí àtúnṣe yẹn kì í ṣe kékeré.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ilẹ̀ wò kí ẹ tó dá owó lé ohunkóhun. Ilẹ̀ tí wọ́n fi yanrìn dí lè le lókè, kí ẹrẹ̀ wà lábẹ́ rẹ̀. Kí ẹ tó da kọnkéré, ẹ so irin mọ́ okùn, ẹ sọ ọ́ sínú ihò, ẹ wọ̀n ọ́n. Bí ẹrẹ̀ bá ti ya padà sísàlẹ̀, ẹ tún un kó. Bí ọ̀gá bá ní kí ẹ dà á bẹ́ẹ̀, ẹ kọ ọjọ́ náà àti ohun tó sọ sínú ìwé, kí ẹ kúrò níbẹ̀.

Èmi ni, bàbá yín.