Lẹ́tà sí ẹ̀yin ọmọ gíráfíìkì tó ń múra àtijáde: ẹ tètè to pọtifólíò yín

Ẹ̀yin ọmọ mi tó wà lọ́dún tó kẹ́yìn nídìí gíráfíìkì, ẹ̀yin ti Yabatech, ẹ̀yin ti Poli Ìbàdàn, ti Auchi, ti Ifẹ̀, àti ẹ̀yin tí ẹ fi YouTube kọ́ ọ nínú yàrá yín, mo kí gbogbo yín o. Ẹ má bínú pé lẹ́tà yìí máa gùn, ọ̀rọ̀ ọ̀hún ló pọ̀ nínú mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti wà nídìí ìtẹ̀wé àti díṣáínì ní Ṣómólú níbí, mo ti gba ọmọ síṣẹ́, mo ti dá ọmọ padà, àwọn tí mo dá padà yẹn, púpọ̀ nínú wọn mọṣẹ́ o, ọwọ́ wọn dáa, ohun tí wọ́n kó wá fún mi wò ni ò jẹ́ kí n rí i.

Bó ṣe máa ń rí nìyí. Ọmọ á jáde skuulu tán, á sìnlú tán, á wá gbọ́ pé iléeṣẹ́ kan ń wá dísáínà, wọ́n ní kó fi pọtifólíò, ìyẹn àkójọ iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ tó dáa jù, ránṣẹ́ kó tó di Fúráídè, ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá fáìlì kiri. Láptọ́ọ̀pù tó fi ṣe project ti kú, flash ti sọnù, èyí tó kù lórí fóònù, screenshot ni gbogbo ẹ̀. Ló bá kó fláyà ọjọ́ ìbí àti Happy New Month bíi ogójì jọ, ó fi ránṣẹ́. Ẹni tó gbà á á ṣí mẹ́ta wò, ó parí.

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Skuulu tí ẹ wà yìí ni ẹ ti ní olùkọ́ tó máa sọ òótọ́ fún yín lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ ní ọ̀rẹ́ tó mọ fọ́tò yà, ẹ sì ní àyè láti ya iṣẹ́ kan lẹ́ẹ̀mẹ́ta títí á fi dáa. Oníbàárà ò ní fún yín láyè ẹ̀ẹ̀kejì gan-an, ká má tíì sọ ẹ̀ẹ̀kẹta.

Ẹ rántí bàbá wa Táíwò Akinkúnmi, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sáfẹ́fẹ́ rere. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n ní London, iṣẹ́ ẹ̀rọ iná ni wọ́n ń kọ́, kì í ṣe ọnà rárá, nígbà tí wọ́n rí i nínú ìwé ìròyìn ní 1958 pé wọ́n ń wá ẹni tó máa ya àsíá Nàìjíríà. Wọ́n yà á, wọ́n fi ránṣẹ́, tiwọn ni wọ́n mú ní 1959, wọ́n fún wọn ní £100, àsíá yẹn náà ni wọ́n fà sókè ní October 1, 1960. Ẹnikẹ́ni ò bi wọ́n pé sátífíkéètì dà. Ṣùgbọ́n ibi tí mo ń lọ gan-an ni pé nínú èyí tí bàbá fi ránṣẹ́, oòrùn pupa kan wà láàárín funfun yẹn tó ń ta ìtànṣán, àwọn ìgbìmọ̀ ni wọ́n yọ ọ́ kúrò. Tó bá jẹ́ inú pọtifólíò yín nìyẹn wà, méjèèjì ni mo fẹ́ rí, èyí tó ní oòrùn àtèyí tí ò ní, kí ẹ wá sọ fún mi ohun tí ẹ rò nígbà tí ẹ fi oòrùn sí i àti ohun tó yí padà nígbà tí wọ́n yọ ọ́. Torí iṣẹ́ tó ti parí, tí mi ò rí bí ẹ ṣe rìn débẹ̀, kò sọ nǹkan kan fún mi, ó lè jẹ́ orí yín ló ṣe é, ó lè jẹ́ orí ẹlòmíì. Bí orí yín ṣe ń ṣiṣẹ́ là ń wá. Sketch tí ẹ fi bírò ya sí ẹ̀yìn nóòtù, ẹ ya fọ́tò ẹ̀, ẹ má jù ú nù.

Mélòó ló yẹ kó wà níbẹ̀? Mẹ́fà sí mẹ́wàá ti tó, mẹ́fà tó dáa sì sàn ju mẹ́wàá tí méjì nínú ẹ̀ ń tini lójú lọ, torí àwọn méjì yẹn gan-an la máa fi wọ̀n yín. Lábẹ́ ìkọ̀ọ̀kan ẹ kọ ìlà mẹ́rin márùn-ún, ta ló ni iṣẹ́, kí ló ń dà á láàmú, kí lẹ kọ́kọ́ ṣe tí ò bọ́ sí i, kí ló wá jáde. Ẹ kọ ọ́ bí ẹ ṣe ń sọ̀rọ̀, ẹ má fi gírámà pa wá.

Ẹ ó ní, mọ́mì, a ò tíì ní kọ́sítọ́mà, iṣẹ́ kíláàsì nìkan la ní. Ìyá tó ń ta gàrí Ìjẹ̀bú nínú ọ̀rá funfun lẹ́nu géètì skuulu yín ńkọ́? Ẹ lọ jókòó tì í, ẹ bi í bó ṣe ń wọ̀n ọ́n, ta ló ń rà á, kí ló dé tí àwọn kan fi ń kọjá ẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì, kí ẹ wá ya àpò gàrí fún un. Kì í ṣe àpò tó rẹwà lásán o. Àwọn ọmọ máa ń gbé páálí tó ń dán wá, tí mo bá yí ẹ̀yìn ẹ̀ mi ò ní rí ibi tí nọ́ńbà NAFDAC máa wà, kò síbi orúkọ àti àdírẹ́sì ẹni tó ṣe é, ìwọ̀n ẹ̀ ò sí níbẹ̀, wọn ò fi àyè sílẹ̀ fún batch àti ọjọ́ tó máa expire, lógò ti gba gbogbo ilẹ̀. Báwo ni ọjà bẹ́ẹ̀ ṣe fẹ́ wọ súpámákẹ́ẹ̀tì? Barcode náà, mo ti rí èyí tí wọ́n fi pupa ṣe lórí funfun kó lè bá lógò mu. Iná pupa ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tó ń ka barcode ń lò, lójú tiẹ̀ pupa àti funfun, ìkan náà ni, kò ní rí nǹkan kan kà, oníkáṣíà á kàn máa fà á síwá sẹ́yìn ni, kí ìlà àwọn tó fẹ́ sanwó máa gùn. Ọmọ tó bá ti mọ èyí kó tó jáde, mi ò bìkítà bóyá lower credit ló gbé wá.

Gbogbo ọmọ ló ní bàtà Nike tó ń fò lójú ọ̀run nínú pọtifólíò ẹ̀. Nike ò rán ẹnikẹ́ni níṣẹ́, ẹ jẹ́ kí bàtà yẹn sinmi.

Nǹkan míì tí mo máa ń bẹ àwọn ọmọ tó gbọ́ Yorùbá pé kí wọ́n ṣe, tí wọn kì í sì í ṣe, ni kí wọ́n ya iṣẹ́ kan tó ní ọ̀rọ̀ Yorùbá nínú dáadáa, bóyá ìwé ọmọdé ni o, bóyá ìwé ètò ìsìnkú ni, kí àmì orí àti ti ìsàlẹ̀ pé pérépéré. Ẹ máa rí i pé ọ̀pọ̀ font, ìyẹn irú lẹ́tà orí kọ̀ǹpútà, tó jẹ́ olówó iyebíye ni ò mọ Yorùbá. Lẹ́tà ẹ ní ibùjókòó tiẹ̀ nínú Unicode, ìyẹn ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ lẹ́tà, ọ ní, ṣ ní, ṣùgbọ́n ẹ́ tó ní ti orí tó tún ní ti ìsàlẹ̀, kò ní ibùjókòó tó dá dúró, ṣe ni àmì orí yẹn máa wá gun ẹ lórí fúnra ẹ̀, ibẹ̀ sì ni font tí wọn ò fara balẹ̀ ṣe ti máa ń tú, àmì á yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí kọ̀ǹpútà á yá lẹ́tà kan láti inú font míì, ọ̀rọ̀ kan á wá dà bí aṣọ tí wọ́n lẹ̀. Noto Sans ń ṣe é dáadáa, àwọn míì náà wà. Ẹni tó bá fi hàn mí pé òun dán font mẹ́fà wò, tó to márùn-ún tó já kulẹ̀ síbẹ̀ kí n rí i, tó wá sọ ìdí tó fi mú ẹ̀kẹfà, ẹni yẹn ti rí iṣẹ́ lọ́dọ̀ mi. Ẹ wò ó, ẹbí ò ní gbàgbé bánà tí wọ́n ti ṣi orúkọ bàbá wọn kọ.

Ẹ sì wá sí Ṣómólú, ẹ wá tẹ iṣẹ́ yín jáde, ó kéré tán ẹ tẹ ẹyọ kan. Iná ni screen fi ń ṣe àwọ̀, íǹkì ni ìwé fi ń ṣe é, aró tó ń tàn yòò nínú RGB, ìyẹn àwọ̀ ti screen, tó bá dé CMYK, ìyẹn íǹkì mẹ́rin tí a fi ń tẹ̀wé, á rí bíi pé wọ́n bu eérú sí i, ẹni tí ò rí i rí lójú ara ẹ̀ á máa bá atẹ̀wé jà lásán. Ẹ yọ bleed, ìyẹn àwọ̀ tó kọjá ibi tí wọ́n máa gé ìwé, 3mm síta ní gbogbo ẹ̀gbẹ́, fọ́tò inú ìwé kó jẹ́ 300 dpi, ọ̀rọ̀ wínníwínní tó jẹ́ dúdú, K, ìyẹn íǹkì dúdú, nìkan ni kí ẹ fi ṣe é, tí ẹ bá fi àwọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pò ó tí plate tó ń gbé íǹkì wá yẹ̀ díẹ̀, ọ̀rọ̀ á máa ṣe méjì méjì. Tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ tán, ẹ gbé e sẹ́bàá fèrèsé láàárọ̀, ẹ ya fọ́tò ẹ̀. Mockup, àwòrán tí wọ́n ti ṣe sílẹ̀ kí ẹ lẹ iṣẹ́ yín mọ́ ọn, tí ẹ ń wà jáde lórí íntánẹ́ẹ̀tì yẹn, ọwọ́ òyìnbó kan náà tó di káàdì mú ni gbogbo yín ń kó wá, mo ti mọ ọwọ́ yẹn bí ẹni mọ ọwọ́ ẹbí mi.

Ẹ̀yin ti poli, ọdún kan IT, ìyẹn kíkọ́ṣẹ́ ní iléeṣẹ́, tó wà láàárín ND àti HND yẹn, àti SIWES, irú ẹ̀ náà, oṣù mẹ́rin tó ṣáájú ẹ̀, ibẹ̀ ni iṣẹ́ gidi ti máa ń wá. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi yín ra oúnjẹ nìkan. Kí ẹ tó kúrò, ẹ bi ọ̀gá yín pé èwo lẹ lè gbé jáde èwo ni oníbàárà ò fẹ́ kó jáde, kí ẹ sì kọ ohun tí ọwọ́ yín ṣe gan-an, tó bá jẹ́ ẹ̀yìn ìwé nìkan lẹ tò, ẹ kọ ọ́ pé ẹ̀yìn ìwé lẹ tò. Ọmọ kan gbé ìwé kàlẹ́ńdà kan wá fún mi rí pé òun lòun ya gbogbo ẹ̀, ṣọ́ọ̀bù tó kángun sí tèmi ni wọ́n ti ṣe kàlẹ́ńdà yẹn, mo mọ ẹni tó yà á, mo tiẹ̀ yá wọn ní jẹnẹrétọ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ti Canva àti AI, mi ò bá ẹnikẹ́ni jà. Tí AI bá ya àwòrán kan níbẹ̀, ẹ sọ ọ́. Ẹ ṣáà mọ̀ pé wọ́n lè ní kí ẹ ṣí fáìlì yẹn níwájú wọn kí ẹ yí àkọlé padà, ẹni tí ò bá ní layer, ìyẹn ìpele iṣẹ́ tó ṣeé yí padà, kankan láti ṣí, ojú á tì í.

Fífi ránṣẹ́ náà ní ọgbọ́n tiẹ̀. Ibi méjì ó kéré tán ni kí fáìlì wà, lórí hard drive àti lórí Google Drive, NEPA ò mọ project ọmọ ẹnikẹ́ni. Ẹ ní Behance, ibi tí wọ́n ti ń pàtẹ iṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni, ẹ sì ní PDF kan tí ò ju 10MB lọ, torí dátà ni ọ̀gá náà ń rà, orí fóònù nínú gó-sílóò ló sì ti máa ṣí i. Tó bá jẹ́ WhatsApp ni, ẹ fi ránṣẹ́ bíi document, tí ẹ bá fi ṣe fọ́tò WhatsApp á fún un pọ̀, gbogbo ẹ̀ á ṣú. Orúkọ yín ni kó wà lára fáìlì, kì í ṣe "final final 3". Ẹ fi líǹkì yẹn fún ọ̀rẹ́ kan kó ṣí i lórí fóònù tiẹ̀ kó tó di pé ẹ fún ẹlòmíì.

Tí wọ́n bá ní kí ẹ wá ṣe test, iṣẹ́ wákàtí kan méjì, ẹ ṣe é. Tó bá jẹ́ lógò, bánà, àti ohun tí wọ́n máa gbé sórí Instagram fún oṣù kan gbáko ni wọ́n pè ní test, iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń wá, ẹ fi pẹ̀lẹ́ sọ fún wọn pé ẹ ó ṣe apá kan, tí wọ́n bá yarí ẹ máa bọ̀ nílé. Tí ẹ bá fi pọtifólíò ránṣẹ́ tí wọn ò fèsì lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ fi ìmeèlì kúkurú kan rán wọn létí, ẹ̀ẹ̀kan péré, ẹ má pè wọ́n lálẹ́, kí ẹ máa fi ránṣẹ́ síbòmíì lọ. Ẹni tó bá sì fẹ́ kí n bá òun wo tiẹ̀ kó tó fi ránṣẹ́, kó tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé wá, lọ́sàn-án Wẹ́sìdeè ni ẹ̀rọ wa máa ń sinmi.

Èmi ni ìyá yín nídìí iṣẹ́,
Ṣómólú, Èkó.