Ẹ̀sùn lórí ọ̀já olórùka tó já, àti ìdáhùn tí ẹ fún mi

Kabba,
Ìpínlẹ̀ Kogí.

Sí Ọ̀gá Àgbà Ilé-iṣẹ́,

Ọ̀kún o. Ẹ kú iṣẹ́.

Gbogbo ohun tó jẹ mọ́ ọ̀já olórùka tí mo rà lọ́wọ́ yín, aṣọ olórùka méjì tí à ń gbé kọ́rùn láti fi gbé ọmọ síwájú, wà lọ́wọ́ yín: nọ́ḿbà ẹ̀sùn mi, rìsíìtì, àwòrán ibi tó já, àti fídíò tí ẹ ní kí n ṣe ránṣẹ́. N kò ní tún un rò látìbẹ̀rẹ̀ mọ́. Gbogbo ẹni tó bá gbé fóònù ní ọ́fíìsì yín ló ń ní kí n bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, ó sì ti sú mi. Ẹ sáà mọ̀ pé okùn tí wọ́n fi rán aṣọ mọ́ òrùka méjèèjì já nígbà tí ọmọ mi, tí kò tíì pé oṣù mẹ́ta, wà nínú rẹ̀. Ọwọ́ mi wà ní ìdí ọmọ. Òun ni kò jẹ́ kó já lulẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì.

Bí ó bá jẹ́ okùn tó já nìkan ni, n kò ní kọ lẹ́tà sí ọ̀gá àgbà. Okùn lè já. Ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ yín ṣe lẹ́yìn tó já ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́.

Ẹni àkọ́kọ́ tó dá mi lóhùn sọ̀rọ̀ dáadáa. Ó ní ọ̀gá òun á pè mí kí ilẹ̀ tó ṣú. Ilẹ̀ ṣú, ilẹ̀ mọ́, kò sẹ́ni tó pè. Mo kọ̀wé sí yín lórí WhatsApp, àmì méjì náà di búlúù, ẹ ti kà á nìyẹn, ẹ ò sì fọhùn. Nígbà tí mo tún pè, wọ́n ní ẹjọ́ mi ti kúrò lọ́dọ̀ àwọn, ó ti dé ẹ̀ka mìíràn. Ẹ̀ka yẹn ní kí n lọ bá àwọn tó ń kó ẹrù fún yín ní Lokoja, kí n gbé ọ̀já náà fún wọn, kí n sì fi owó ara mi wọkọ̀. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà Kabba sí Lokoja, tó gba Obajana kọjá, tó sì mọ bí àwọn tírélà sìmẹ́ńtì ṣe ń dí i, á mọ irú ohun tí ẹ ní kí abiyamọ ṣe. Mo lọ. Ọkùnrin tí mo bá níbẹ̀ ní òun kì í gba ẹrù tó ń padà lọ, tó ń bọ̀ nìkan lòun ń gbà. Ó pe ọ́fíìsì yín lójú mi, ẹ ò gbé e.

Lẹ́yìn náà ni mo bá ọ̀dọ́bìnrin kan sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Mo mọ orúkọ rẹ̀, n kò sì ní kọ ọ́ síbí. Mo ń ṣàlàyé lọ́wọ́ ni ó dá ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu pé: “Mummy, ọmọ yín ò ṣáà ṣubú. Kí lẹ wá ń fẹ́ ká ṣe?” Mo rò pé n kò gbọ́ ọ dáadáa, mo ní kó tún un sọ, ó sì tún un sọ. Ó wá fi kún un pé: “Ẹ̀yin tí ẹ wà lọ́hùn-ún yẹn, ẹ ò bá kúkú máa lo ọ̀já tí ẹ mọ̀.” Ó pa fóònù dé.

Ọmọ mi ò ṣáà ṣubú. Ẹ jọ̀wọ́, ọ̀gá, ẹ fi ara yín sí ipò mi. Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, àwọn ará ilé, àwọn aládùúgbò, títí dé ọlọ́kadà tó ń gbé mi lọ síbi iṣẹ́, gbogbo wọn ló ní “ẹ kú ewu”. Láti ọjọ́ náà títí di òní, kò sí ẹyọ ẹnì kan nínú ilé-iṣẹ́ yín tó sọ ọ́. Ẹ ò bi mí léèrè bí ọmọ ṣe wà. Nọ́ḿbà ẹ̀sùn lẹ ń bi mí.

Ní ti ọ̀já tí a mọ̀, òótọ́ ni, a mọ̀ ọ́n. Òun ni ìyá mi fi pọ̀n gbogbo wa. Ṣùgbọ́n a kì í pọn ọmọ tí ọrùn rẹ̀ kò tíì le sẹ́yìn báyẹn. Ìdí tí mo fi ra tiyín ni pé mo fẹ́ gbé ọmọ síwájú kí n máa rí ojú rẹ̀ bí mo ṣe ń ṣiṣẹ́. Ìyá mi àgbà, ọmọ ilẹ̀ Bùnú tó fi aṣọ híhun jẹun ní ìgbà èwe rẹ̀, fi ọwọ́ tẹ ibi tó já. Ó ní okùn tí wọ́n fi ń rán bùbá lẹ fi rán ohun tí wọ́n fẹ́ gbé ènìyàn sí. Màmá ti lé ní ọgọ́rin ọdún, iná fóònù ni ó fi wò ó, ó sì rí i. Ẹni tó ń yẹ ọjà wò ní ilé-iṣẹ́ yín ò rí i.

Iṣẹ́ ìlera ni mò ń ṣe ní agbègbè yìí. Iwájú mi ni àwọn ìyá ń gbé ọmọ tuntun wá fún abẹ́rẹ́ àjẹsára, láti inú ìlú àti láti àwọn abúlé tó yí wa ká. Wọ́n rí ọ̀já náà lọ́rùn mi, wọ́n sì bi mí níbi tí mo ti rà á. Àwọn kan ti ra tiwọn lọ́wọ́ yín. Mo ti wá wọn lọ láti kìlọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n àwọn tí mo mọ̀ nìkan ni mo lè kìlọ̀ fún. Ẹ̀yin lẹ ni orúkọ gbogbo àwọn tó kù.

Ewu ibẹ̀ kì í sì í ṣe ti jíjá nìkan. Ní oṣù kẹta ọdún 2010, CPSC, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń bójú tó ààbò ohun tí aráàlú ń rà, kìlọ̀ fún gbogbo ìyá nípa irú ọ̀já yìí. Wọ́n ní ó kéré tán, ọmọ mẹ́rìnlá ló ti kú sínú rẹ̀ láàárín ogún ọdún, àti pé méjìlá nínú wọn kò tíì pé oṣù mẹ́rin. Ní oṣù yẹn kan náà, ilé-iṣẹ́ Infantino pe ọ̀já tó tó mílíọ̀nù kan padà lọ́wọ́ àwọn tó rà á. Mílíọ̀nù kan! Ẹ̀yin ò lè pe ẹyọ kan padà lọ́wọ́ mi ní Kabba. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2018 ni òfin ti wà ní Amẹ́ríkà pé wọ́n gbọ́dọ̀ dán agbára rẹ̀ wò, kí wọ́n sì lẹ ìkìlọ̀ mọ́ ọn kí ó tó dé ọjà.

Ẹ mú páálí tí ẹ fi ń ta á, kí ẹ wò ó. Ọmọ inú àwòrán yẹn ká kò sísàlẹ̀ aṣọ, àgbọ̀n rẹ̀ tẹ àyà, aṣọ sì bo ojú rẹ̀. Bí ọmọ jòjòló ṣe ń kú nìyẹn. Bí àgbọ̀n bá tẹ àyà, ọ̀nà èémí á dí, ọmọ ò sì ní lè sunkún kí ìyá rẹ̀ gbọ́. Bí aṣọ bá bo imú àti ẹnu, ọrùn rẹ̀ kò lágbára tí yóò fi yí orí kúrò, ìṣẹ́jú kan sí méjì sì ti tó. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ohun márùn-ún ni wọ́n ń kọ́ àwọn ìyá, wọ́n pè é ní T.I.C.K.S.: kí aṣọ fún mọ́ ara, kí ojú ọmọ máa hàn nígbà gbogbo, kí orí rẹ̀ ga débi tí ìyá lè fi ẹnu kò ó, kí àgbọ̀n rẹ̀ má lẹ̀ mọ́ àyà, kí ẹ̀yìn rẹ̀ sì ní ìdúró. Kò sí ọ̀kan nínú wọn nínú ìwé pélébé tí ẹ fi sínú páálí. Ẹ ò kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé nínú oyún, tàbí èyí tó kéré púpọ̀, wà nínú ewu jù. Ẹ ò kọ ọ́ pé kí ìyá má gbé e kọ́rùn gun ọ̀kadà tàbí dúró ti iná ìdáná. Bí ẹ ṣe lè fọ̀ ọ́ kí àwọ̀ rẹ̀ má ṣí lẹ kọ.

Ohun tí mo ń fẹ́ rèé. Ẹ dá owó mi padà pátá, pẹ̀lú owó ọkọ̀ tí mo wọ̀ lọ sí Lokoja lásán. Ẹ dá títà irú ọ̀já yẹn dúró, kí ẹ sì fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tó ti rà á, ní èdè tí wọ́n gbọ́, pé kí wọ́n má gbé ọmọ sí i mọ́. Èyí ṣe pàtàkì sí mi ju owó lọ. Bí ẹ bá dá owó mi padà tí ẹ ò sì sọ fún wọn, a ò tíì parí ọ̀rọ̀. Ẹ yọ àwòrán orí páálí yẹn kúrò. Ní ti ọ̀dọ́bìnrin yẹn, n kò ní kí ẹ lé e lẹ́nu iṣẹ́. Ọmọ ẹni ẹlẹ́ni ni, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ ohun tí ẹ kọ́ ọ ló ń sọ. Ọ̀gá rẹ̀ ni kó pè mí kó tọrọ àforíjì, kó sì bi mí léèrè ọmọ mi.

Ọjọ́ mẹ́rìnlá ni mo fún yín láti ọjọ́ tí lẹ́tà yìí bá tẹ̀ yín lọ́wọ́. Bí ó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ìwé mi á dé ọ̀dọ̀ FCCPC ní Abuja, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń gbèjà oníbàárà. Òfin ọdún 2018 tó dá àjọ náà sílẹ̀ sọ ọ́ kedere pé ẹni tó bá mọ̀ pé ewu wà nínú ọjà rẹ̀ gbọ́dọ̀ kéde rẹ̀, kó sì kó o kúrò lọ́jà. Ẹ ti mọ̀ báyìí, mo ti sọ fún yín, ọjọ́ tí mo sọ ọ́ sì wà nínú ìwé yín. N ó fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí SON, àjọ ìjọba tó ń rí sí ìdíwọ̀n ọjà ní Nàìjíríà. N ó sì mú ọ̀já náà lọ sí ilé-iṣẹ́ rédíò ní Lokoja, kí àwọn ìyá Yàgbà, Ìjùmú, Bùnú àti Òwé gbọ́ orúkọ yín láti ẹnu mi.

Ẹ má tún ní kí n fi ọ̀já náà ránṣẹ́. Ọwọ́ mi ló máa wà títí ẹni tí yóò yẹ̀ ẹ́ wò láti FCCPC á fi dé. Àwòrán rẹ̀ ti wà lọ́wọ́ yín.

Èmi ni,
Ìyá ọmọ náà.