Ìkéde fún gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ aládìrẹ: àtẹ Gantt ti wà lára ògiri

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ rántí bí ojú ṣe tì wá lọ́dún tó kọjá: aró ti kan, àwọn aláró ń retí, aṣọ ṣì wà lọ́wọ́ àwọn tó ń fi ìyẹ́ adìyẹ ya ẹ̀kọ (lẹ́ẹ̀ tí kì í jẹ́ kí aró wọ aṣọ) sí i.

Nítorí náà la ṣe ya àtẹ Gantt, ìyẹn àwòrán tó ń fi iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan àti àkókò rẹ̀ hàn, fún iṣẹ́ Ọdún Ọ̀ṣun ti Oṣù Kẹjọ. Henry Gantt, ẹnjiníà ará Amẹ́ríkà, ni wọ́n fi sọrí, bẹ́ẹ̀ Karol Adamiecki ará Pólàndì ti ya irú rẹ̀ ní 1896. Orúkọ kì í sábà bá ẹni tó kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ lọ!

Orúkọ iṣẹ́ wà lápá òsì, ọ̀sẹ̀ wà lókè. Ìlà tó nípọn fi ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí hàn. Ẹ wo àwọn ọfà dáadáa, wọ́n ń fi iṣẹ́ tó gbọ́dọ̀ ṣáájú òmíràn hàn: ẹ̀kọ gbọ́dọ̀ gbẹ kí aṣọ tó wọ aró, torí náà bí ẹ̀kọ bá fi ọjọ́ mẹ́ta pẹ́, aró, fífọ̀ àti lílọ̀ aṣọ yóò sún síwájú. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó ń ya pátákó ìpolówó bá pẹ́ díẹ̀, kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

Ní gbogbo Sátidé, kí olórí ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan wá kun ibi tí iṣẹ́ dé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má kun ohun tí ẹ kò tíì ṣe. Ẹni tí iṣẹ́ bá fẹ́ pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kó tètè wí, ká lè fi èèyàn kún un.

Akọ̀wé ẹgbẹ́, Òṣogbo