Awẹ́ tí a gbìn ni kí a kọ́kọ́ wò

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Mo ń fọkàn bá àríyànjiyàn tó ń lọ láàárín àwọn àgbẹ̀ aláàyù tó ń lo kẹ́míkà àtàwọn tí kì í lò ó lọ. Kálukú ní ọ̀nà tòun ni fáírọ́ọ̀sì kò fi ní ráyè wọ oko. Lójú tèmi, ibi tí ọ̀rọ̀ wà kọ́ ni wọ́n ti ń wá a.

Awẹ́ aáyù la máa ń gbìn, kì í ṣe hóró. Bí fáírọ́ọ̀sì bá ti wọ odidi aáyù kan, yóò bá àwọn awẹ́ rẹ̀ dé oko lọ́dún tó ń bọ̀, òmíràn á sì tún lé e. Ìdí nìyẹn tí a fi ń bá oríṣiríṣi fáírọ́ọ̀sì nínú aáyù kan ṣoṣo. Ẹ ká ewé rẹ̀ kan, kí ẹ nà án sí oòrùn. Bí ẹ bá rí ìlà tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ tó gba gígùn ewé náà lọ, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ iṣẹ́ onion yellow dwarf virus tàbí leek yellow stripe virus. Àwọn mìíràn kì í fi àmì kankan hàn, odidi aáyù á kàn máa kéré sí i ni. Kì í pa ẹni tó jẹ ẹ́ lára o, àgbẹ̀ ló ń pàdánù.

Ẹ̀yin tí ẹ gbẹ́kẹ̀ lé oògùn apakòkòrò, áfíìdì, kòkòrò kékeré tó ń fa oje ewé mu, ló ń gbé fáírọ́ọ̀sì méjèèjì yìí kiri. Kó tó rí oògùn kú, ó ti fi ẹnu kan ewé, ó sì ti kó o ràn án, nítorí ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ti tó o. Àwọn allexivirus, ìyẹn ọ̀wọ́ fáírọ́ọ̀sì mìíràn, tún wà, tí kòkòrò Aceria tulipae, tí ojú lásán kò lè rí, ń gbé. Ó ń bá aáyù wọ inú àká, ó sì ń ràn láti odidi kan sí èkejì níbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ò fọwọ́ kan kẹ́míkà náà, ilẹ̀ ọlọ́ràá ń mú kí aáyù dàgbà dáadáa, àmọ́ kò lè yọ fáírọ́ọ̀sì kúrò nínú awẹ́.

Ọ̀nà tó ń yọ ọ́ ni pé kí wọ́n gé ṣóńṣó ọ̀mùnú aáyù, èyí tí kò tó mìlímítà kan, kí wọ́n tọ́ ọ dàgbà nínú ìgò ní yàrá àyẹ̀wò. Wọ́n sábà máa ń fi ooru mú un ṣáájú. Lẹ́yìn àyẹ̀wò, abẹ́ àwọ̀n tí kòkòrò kò lè gbà wọlé ni wọn yóò ti sọ ọ́ di púpọ̀. Ó ń gba owó, ó ń gba ọdún, bó bá sì dé gbangba oko lẹ́gbẹ̀ẹ́ aáyù àtijọ́, á tún bẹ̀rẹ̀ sí í kó o. Nítorí náà, kò ṣeé dá ṣe. Àfi kí àwọn tí oko wọn pààlà jọ fi irúgbìn tí wọ́n ti yọ fáírọ́ọ̀sì kúrò nínú rẹ̀ rọ́pò ti àtijọ́, yálà wọ́n ń lo kẹ́míkà tàbí wọn kì í lò ó.

Mo bẹ̀ yín, ẹ bá wa bi àwọn tó ń ta irúgbìn aáyù: fáírọ́ọ̀sì wo lẹ yẹ̀ ẹ́ wò fún, ọdún mélòó ló sì ti lò láti ìgbà tó ti kúrò lábẹ́ àwọ̀n?

Èmi ni tiyín,
Àgbẹ̀ aláàyù kan