Sí Àjọkẹ́, kí o tó wálé lóṣù kẹjọ

Òkè-Fìà,
Òṣogbo.

Àjọkẹ́ ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Àwọn ọmọ ńkọ́? Òtútù Kánádà ò kúkú pa wọ́n jù? Àwa náà ń bẹ, a dúpẹ́. Mo rí ohun tí o kọ, pé àsìkò ọdún Ọ̀ṣun lo máa dé, àti pé o fẹ́ ra fíríìjì àti inverter, ẹ̀rọ tó ń fi bátìrì gbé iná fún ilé, sílé Màmá. Inú mi dùn gan-an. Àmọ́ mo fẹ́ tètè bá ọ sọ ọ̀rọ̀ kan, torí mo mọ̀ ọ́, o lè ná ọjà láti àárọ̀ títí wọ́n á fi máa palẹ̀ mọ́.

Bó bá jẹ́ ata tàbí aṣọ lo fẹ́ rà l'Ọjà Ọba, ná an bó ṣe wù ọ́. Ìyá tó jókòó ti ọjà ló ni ín, ó mọ iye tó rà á, ó sì mọ ibi tóun máa dúró. Ti àwọn ṣọ́ọ̀bù ńlá tó ń ta ẹ̀rọ yàtọ̀. Nínú àwọn ọmọ tó máa kí ọ káàbọ̀ lẹ́nu ọ̀nà, àwọn kan wà tí owó oṣù wọn ò tó nǹkan. Kọmíṣọ̀n orí ohun tí wọ́n bá tà ni wọ́n fi ń jẹun. O ti gbọ́ pé ìjọba sọ owó oṣù tó kéré jù di 70,000 náírà lọ́dún 2024. Òfin tí wọ́n ṣe lọ́dún 2019 lórí ọ̀rọ̀ yẹn yọ ẹni tó ń gba kọmíṣọ̀n sílẹ̀, ó sì tún yọ ibi iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ò bá pé 25 sílẹ̀. Kò sí tiwọn níbẹ̀.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wà nírú ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀. Bàbá kan wá bá a nítorí inverter. Ọmọ yìí jókòó tì wọ́n, ó ṣírò iná tí fíríìjì, fáànù àti ẹ̀rọ tó ń fa omi wọn máa gbé. Ó ṣàlàyé pé bátìrì tubular ń fẹ́ kéèyàn máa bu omi sí i, pé bátìrì lithium ò fẹ́ omi, ó sì ń pẹ́ jù ú lọ, àmọ́ owó rẹ̀ ga. Bàbá lọ, wọ́n tún padà wá bèèrè sí i. Ọjọ́ tí wọ́n mú owó dé, ọmọ wa ò sí lẹ́nu iṣẹ́. Ẹlòmíràn ló kọ rìsíìtì, orúkọ tó wà lórí rìsíìtì ni wọ́n sì ń san kọmíṣọ̀n fún. Bí kọmíṣọ̀n bá jẹ́ náírà kan péré lórí ọgọ́rùn-ún, orí ọjà 900,000 náírà, 9,000 náírà nìyẹn. Owó ọkọ̀ ọjọ́ púpọ̀ lè jáde nínú ẹ̀. Bàbá ò mọ̀ rárá, wọn ò sì lérò ibi.

Nítorí náà, ẹni tó bá kọ́kọ́ dá ọ lóhùn, bèèrè orúkọ rẹ̀, kó o sì gba nọ́ńbà rẹ̀. Bó o bá padà lọ tó ò bá a, sọ fún ẹni tó bá wá pàdé rẹ kó tó bẹ̀rẹ̀ àlàyé pé ẹni báyìí ló ti ń dá ọ lóhùn. Tún sọ ọ́ níwájú ẹni tó ń gba owó.

Èyí tó ń dùn wọ́n jù ni “mò ń bọ̀” táwa ará ilé máa ń sọ. Ojú ń tì wá láti sọ pé a ò rà. Ọmọ á gbé ọjà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan dè wá, á máa wojú ọ̀nà. Sọ fún un pé, “Mi ò ní rà á lónìí.” Kò ní bínú, á kọjú sí ẹlòmíràn. Bó bá sì jẹ́ pé Àlàbà l'Ékòó ni ẹ̀gbọ́n rẹ ti máa bá ọ ra ẹrù, jọ̀ọ́, má fi wákàtí méjì gba ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ ọmọ ọlọ́mọ l'Óṣogbo kó o tó lọ fowó fún ará Èkó.

Má sì tètè máa pariwo pé kí wọ́n pe ọ̀gá wá. Níbi tí ọmọ wa wà, ohun tí ọ̀gá bá gé kúrò fún oníbàárà, ara kọmíṣọ̀n ọmọ ló ti ń gé e. Bi ọmọ náà fúnra rẹ̀ léèrè ibi tó lè jálẹ̀ dé.

Mi ò ní kó o torí àánú ra ohun tí o ò fẹ́ o. Àwọn kan nínú wọn máa ń fi ẹ̀rọ tó tóbi ju ohun tí ilé nílò lọ lọni. Irú ẹni bẹ́ẹ̀, dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, kó o jáde.

Jẹ́ ká lọ láàárín ọ̀sẹ̀, kí èrò ọdún tó kún ìlú. Lọ́jọ́ Sátidé mo máa lọ wọn ilẹ̀kùn ilé ìdáná Màmá, torí ó há. Fi iye tó o ní lọ́kàn ránṣẹ́ sí mi. Màmá ní kí n sọ fún ọ pé àwọn ò fẹ́ fíríìjì dúdú.

Bá mi kí ọkọ rẹ.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Àṣàkẹ́