Àbúrò wa ti di kọ́pùrà

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Okun o! Ṣé ara le? Ìyàwó ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Gbogbo wa ní Mọ̀pà ń kí ọ.

Àbúrò wa ti di kọ́pùrà lẹ́nu iṣẹ́ sọ́jà, ó ti ní àwọn ọmọ iṣẹ́ lábẹ́. Ìyá jó títí, wọ́n pa adìẹ, wọ́n gún iyán, gbogbo àdúgbò jẹ, wọ́n yó. Inú mi dùn, àmọ́ ọkàn mi ò balẹ̀.

Nígbà tó wá sílé, ó sọ ọ̀rọ̀ ọmọ kan tó wà lábẹ́ rẹ̀ fún mi. Ọmọ náà sùn lẹ́nu ìṣọ́. Àbúrò wa ní kó máa fò bí ọ̀pọ̀lọ́ títí orúnkún rẹ̀ fi ń gbọ̀n. Ẹ̀yìn ìyẹn ló tó gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíì pé ajínigbé ti lé àwọn ará ilé ọmọ náà kúrò lóko, pé gbogbo òru ló fi ń pe bàbá rẹ̀ láti mọ̀ bóyá ó ṣì wà. Ìwọ náà mọ bí ọ̀rọ̀ oko ṣe rí ní Yàgbà wa níbí. Mo bi í pé ṣé kò béèrè lọ́wọ́ ọmọ náà ni? Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, kí ni ǹ bá bi í? Kò sẹ́ni tó bi èmi náà rí."

Láti ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ tí o sọ nípa ìwé 4856, èyí tí ẹ̀yin sọ́jà Amẹ́ríkà ń kọ ọ̀rọ̀ tí ọ̀gá bá ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ jókòó sọ sí, ti ń wá sí mi lọ́kàn. O ní kì í ṣe ìgbà tí ọmọ iṣẹ́ bá ṣẹ̀ nìkan ni sájẹ́ǹtì ń pè é jókòó. Ó lè jẹ́ nítorí nǹkan tó ṣẹlẹ̀, ire tàbí ibi. Ó lè jẹ́ bí iṣẹ́ rẹ̀ ṣe ń lọ. Ó sì lè jẹ́ ibi tí òun fúnra rẹ̀ fẹ́ dé lẹ́nu iṣẹ́. O ní ọ̀gá tuntun gbọ́dọ̀ ti bá sájẹ́ǹtì abẹ́ rẹ̀ jókòó kí ọjọ́ 30 tó pé, lẹ́yìn náà ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Ìsàlẹ̀ ìwé yẹn ló wù mí jù. Ọmọ iṣẹ́ ló ń fi àmì sí i bóyá òun gbà tàbí òun ò gbà, àyè sì wà tó lè kọ tẹnu rẹ̀ sí kó tó buwọ́ lù ú. Ọ̀gá náà á wá kọ ohun tí òun máa ṣe láti ran ọmọ náà lọ́wọ́. Tó bá yá, wọ́n á tún jọ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá àdéhùn náà bọ́ sí i. Ọ̀gá tí ń kọ ojúṣe tirẹ̀ sílẹ̀ níwájú ọmọ abẹ́ rẹ̀! Ó wú mi lórí gan-an.

Mi ò ní kí wọ́n máa kẹ́ sọ́jà. Ẹni tó bá sùn lẹ́nu ìṣọ́ lè kó gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ sí wàhálà, ìyà tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀lọ́ tó fò kò sọ ohun tí kò jẹ́ kó sùn lóru fún ẹnikẹ́ni, bẹ́ẹ̀ ni yóò tún sùn lọ́la. Ṣé o rántí Bàbá Ẹ̀yìnkùlé? Kò bá wa wí níwájú èèyàn rí, ìdí àpáta ló ń mú wa lọ.

Ọ̀nà Kàbbà ṣì wà bó ṣe wà, iṣu ti wọ́n, ẹsẹ̀ Ìyá ti fúyẹ́ díẹ̀, páànù ilé rẹ kò jò mọ́.

Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní. Jọ̀wọ́, pe àbúrò wa. Tíṣà lèmi, kò ní gba ọ̀rọ̀ ogun lẹ́nu mi, àmọ́ yóò gba tìrẹ. Má wàásù fún un. Bi í ní orúkọ àwọn ọmọ abẹ́ rẹ̀, ibi tí òbí wọn wà, àti ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń fẹ́. Kó o sì fi ìwé 4856 kan tí wọn ò tíì kọ nǹkan sí ránṣẹ́ sí i. Bí wọn ò bá lo irú rẹ̀ níbi tó wà, kó fi ìwé àjákọ ṣe tirẹ̀. Bi í léèrè ọmọ tó sùn yẹn pẹ̀lú, kó lọ bá a jókòó kó tó pẹ́ jù.

Má sọ pé èmi ni mo rán ọ. Ó máa ń ráyè lálẹ́ ọjọ́ Àìkú.

Èmi ni tìrẹ,
Bàbá Ìbejì