Sí Àjàní, lẹ́yìn tí Georgia fìdí rẹmi

Lithonia, Georgia
Ọjọ́ 10, Oṣù Kìíní, 2018

Àjàní ọmọ mi,

Mo gbọ́ ohùn rẹ lóru ọjọ́ Ajé, mo sì mọ̀ pé ẹkún ni o ń gbé mì. Èmi náà ò sùn. Ìrẹsì tí mo sè de ayọ̀ wa, bí mo ṣe dé e sórí sítóòfù náà nilẹ̀ ṣe mọ́ bá a. Ìwọ lo kọ́ mi ní bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà tí wọ́n ń fọwọ́ jù yìí nígbà tí o wọ Yunifásítì Georgia, ọkàn mi kì í sì í balẹ̀ mọ́ tí àwọn ọmọ ẹlẹ́wù pupa yẹn bá ti wà lórí pápá.

Ká ní wọ́n lù wá bí ẹni lu bàrà ni, à bá ti pa tẹlifíṣọ̀n kí a lọ sùn. Ṣùgbọ́n 13 sí òdo la fi ń na Alabama nígbà tí a lọ sinmi! Ife tí a ti ń retí láti 1980, ní Atlanta níbí, lẹ́nu ọ̀nà wa, ọwọ́ wa kàn án, ó bọ́. Nígbà tí ó di ọ̀mì 20 sí 20 tí wọ́n fi àkókò kún un, Blankenship ọmọ wa gbá tiẹ̀ wọlé láti 51 yáàdì, a fi 23 sí 20 ṣíwájú. Àwọn ọmọ wa tún gbé Tagovailoa, ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù fún Alabama, ṣubú, wọ́n fi yáàdì 16 rìn sẹ́yìn. Mo ti dìde dúró, mo ti ń ké oríkì rẹ. Bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo ni ọmọ náà jù, 41 yáàdì, ó bọ́ sọ́wọ́ DeVonta Smith, ọmọ Alabama, ó sì gbé e wọlé. 26 sí 23. Ó tán.

Ohun tó mú mi kọ̀wé gan-an nìyí. Àbúrò rẹ fi ohun tí o kọ sí Facebook hàn mí, nípa ọmọ wa tí Smith sá kọjá lára rẹ̀. O bú u, o sì bú ìyá rẹ̀ mọ́ ọn. Àjàní, ẹyin lọ̀rọ̀. Yọ ọ́ kúrò lónìí.

Ṣé o rántí Pappanastos, ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún Alabama? Kí wọ́n tó fi àkókò kún un, 20 sí 20 ni a wà, àkókò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, kó gbá a wọlé láti 36 yáàdì ló kù kí Alabama gba ife. Bọ́ọ̀lù ya sí òsì. Mo fò sókè, lẹ́yìn náà ni ọkàn mi lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Ká ní àwa la borí, òun ni wọn ìbá máa bú títí di ìsinsìnyí. Smith mú bọ́ọ̀lù kan, wọ́n sì gbàgbé tiẹ̀ pátápátá. Èébú tó ń lọ sílé rẹ̀ ló wá yà sílé ọmọ wa, ìwọ lo sì bá wọn gbé e dé ẹnu ọ̀nà.

Ẹgbẹ́ rẹ ni ọmọ wa yẹn. Ẹ lè jọ tò sórí ìlà oúnjẹ kan náà lọ́la. Tí o bá rí i, kí i kú iṣẹ́, má dárúkọ bọ́ọ̀lù yẹn rárá.

Mi ò ní kí o má bínú. Inú ń bí èmi náà. Ṣáà lọ sí kíláàsì, kí o sì jẹun. Màá dé ọ̀dọ̀ rẹ ní Athens lọ́sàn-án Sátidé pẹ̀lú ìrẹsì tuntun. Ẹ̀wù pupa rẹ tí o gbàgbé síbí, mo ti fọ̀ ọ́, màá mú un dání.

Ìyá rẹ